Níbo Ló Ti Di Kẹ̀kẹ́ Mú? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Irin Àsomọ́ Kẹ̀kẹ́ Ìránṣọ Àtijọ́

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn télọ̀ àti ọmọ iṣẹ́ sọ ní Ìlọrin)

Ẹ̀yin ọ̀gá télọ̀, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti ń tẹ kẹ̀kẹ́ ìránṣọ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ yọ̀ǹda ọjọ́ yín, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó. N kò ní pẹ́ lórí ìkíni, nítorí irin tí a kó wá pọ̀, a sì fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ ṣí dúrọ́ọ̀ kẹ̀kẹ́ Singer àtijọ́ èyíkéyìí lágbègbè wa, ìbáà jẹ́ lẹ́bàá Ọjà Ọba níbí, ìbáà jẹ́ ní Ọ̀fà tàbí ní Òmù-Àrán. Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: bóbìn mélòó kan, abẹ́rẹ́ tó ti dípẹtà, bọ́tìnnì tí kò ní ẹnìkejì mọ́, àti àwọn irin kéékèèké kan tó ń dán, tó lápá, tó lẹ́nu, tí òmíràn nínú wọn tiẹ̀ léyín. Ẹni tó jogún kẹ̀kẹ́ náà kì í sábà mọ iṣẹ́ wọn, nítorí náà wọ́n wà lára ohun tó máa kọ́kọ́ kó dànù. Àwọn tó ń ra kóńdẹ́mù á gbé wọn sórí ìwọ̀n pẹ̀lú páànù tó ti jẹrà, wọ́n á sanwó irin lásán, ó parí. Ó ń dùn mí wọra, ẹ̀yin èèyàn mi. Irin yẹn ló máa ń sọ kẹ̀kẹ́ tí kò mọ̀ ju kó rán lọ gbọọrọ di èyí tó ń kó fíríìlì jọ, tó ń ṣẹ́ etí aṣọ, tó ń fi báyásì, ọ̀já aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, gbá ọrùn aṣọ, tó sì ń ṣí ihò bọ́tìnnì. Kò ní mọ́tò nínú, kò jẹ iná, kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni wá tò ó lórí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ to irú irin báyìí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ wọn: gbogbo èyí tó ń ṣẹ́ etí aṣọ síhìn-ín, gbogbo èyí tó ń kó aṣọ jọ sọ́hùn-ún. Lójú tèmi, ẹ̀yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ yẹn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, níbo ni irin yìí ti ń di kẹ̀kẹ́ mú? Iṣẹ́ tó ń ṣe ló ṣìkejì. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ tò wọ́n, ẹ lè kó rọ́fúlà mẹ́ta, irin tó ń kó fíríìlì jọ, sínú ike kan, kí ó má sì sí èyí tó máa wọ kẹ̀kẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ á fi agbára dè é mọ́ ọn, abẹ́rẹ́ á gbá irin, á kán, wọ́n á ní irin àtijọ́ kò dáa. Irin náà dáa. Kẹ̀kẹ́ mìíràn ni wọ́n ṣe é fún.

Kí a tó dé orí ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ibi tí wọ́n ti wá. Isaac Singer gba ìwé ẹ̀tọ́ (patent) lórí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1851. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ronú kan kẹ̀kẹ́ tó ń fi òwú òkè àti òwú ìsàlẹ̀ ránṣọ. Elias Howe ti gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1846, Walter Hunt sì ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wọn láìgba ìwé kankan. Ọgbọ́n títà ni ilé iṣẹ́ Singer fi borí: láti 1856 ni wọ́n ti ń jẹ́ kí oníbàárà gbé kẹ̀kẹ́ lọ sílé kó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá wọn ní Clydebank, ní ilẹ̀ Scotland, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àárín àwọn ọdún 1880, wọn kò sì tì í títí di 1980. Lọ́dún 1913 nìkan, kẹ̀kẹ́ tó jáde níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó sì ti ń gba Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá lọ sókè kó tó di 1912, nítorí náà ọ̀nà ti là fún ẹrù wúwo bẹ́ẹ̀ láti èbúté wọ ilẹ̀ wa.

Kẹ̀kẹ́ kì í dá wá. Àwọn irin àsomọ́ máa ń bá a wá nínú àpótí tiwọn. Èyí tó lẹ́wà jù nínú àwọn àpótí yẹn ni ti onígi oak tí ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ jẹ́ ti ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1889. Bí ẹ bá ṣí i, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, irin kọ̀ọ̀kan á sì wà ní ààyè tí wọ́n gbẹ́ fún un. Bí ẹ bá dé e padà, á di àpótí kékeré gígùn kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ti onípáànù dé, lẹ́yìn rẹ̀ ni páálí aláwọ̀ ewé. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú àpótí onígi yìí, kó má fi síkúrù tàbí gọ́ọ̀mù tún ojú ìdè rẹ̀ ṣe. Kó gbé e fún gbẹ́nàgbẹ́nà tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí ọrùn, ìyẹn ibi tí irin àsomọ́ ti ń di ọ̀pá kẹ̀kẹ́ mú. Ẹ wo ọ̀pá tó ń gbé fúùtù, irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, sókè sódò lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Síkúrù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń di fúùtù mú. Ẹ sọ fúùtù kalẹ̀, kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n láti ojú irin pẹlẹbẹ tí fúùtù sinmi lé títí dé àárín síkúrù yẹn. Bó bá jẹ́ nǹkan bí ìdajì ínǹṣì, ọlọ́rùn kúkúrú ni kẹ̀kẹ́ yín. Bó bá tó ínǹṣì kan, ọlọ́rùn gígùn ni. Ẹ̀yà kẹta kò dúró ṣánṣán: ọ̀pá abẹ́rẹ́ àti ọ̀pá fúùtù rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ wá sọ́dọ̀ ẹni tó ń ránṣọ, kí ó lè rí ojú iṣẹ́ dáadáa. Singer 301 tó jáde ní 1952 wà nínú ìran yìí, bẹ́ẹ̀ ni 401 àti 500. Irin àsomọ́ ọlọ́rùn gẹ̀rẹ̀ kò lè wọ kẹ̀kẹ́ tó dúró ṣánṣán, ìyẹn náà kò sì lè wọ ti gẹ̀rẹ̀. Ojú lásán máa ń tan èèyàn níbí, nítorí pé ìsàlẹ̀ wọn jọra.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé ọlọ́rùn kúkúrú ló pọ̀ jù nínú kẹ̀kẹ́ ilé àtijọ́. Singer 15, 27, 28, 99, 128, 201 àti 221 kékeré tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́, ìran kan náà ni gbogbo wọn nínú ọ̀ràn ọrùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Butterfly ẹlẹ́sẹ̀ tó kún ìsọ̀ wa, nítorí pé àwòṣe Singer 15 ni wọ́n tẹ̀ lé. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ọmọ iṣẹ́ tó jókòó síbí ni pé irin tí wọ́n ṣe fún kẹ̀kẹ́ ìyá àgbà rẹ̀ lè wọ Butterfly tí wọ́n rà fún un nígbà firídọ̀mù. Àmọ́ kò lè wọ kẹ̀kẹ́ oníná ńlá tí à ń pè ní industrial, nítorí ọlọ́rùn gígùn nìyẹn.

Ẹ kíyè sí Singer 66 o. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nínú rẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀pá ni síkúrù wọn wà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́. Irin àsomọ́ tiwọn náà ní ojú tó kọ sẹ́yìn. Àwọn 66 tí wọ́n ṣe nígbà tó yá wá padà sí ẹ̀gbẹ́ bíi ti àwọn yòókù. Nítorí náà, ẹ má gbọ́ orúkọ 66 kẹ́ẹ kàn sanwó. Ẹ tẹjú mọ́ ibi tí síkúrù wà. Ọ̀tọ̀ gbáà sì ni Willcox & Gibbs tó ń fi òwú kan ṣoṣo rán ojú ẹ̀wọ̀n. Bí irin tirẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má dà á pọ̀.

Ọrùn nìkan kọ́ ni ibi tí irin ń dì mú. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀pá fúùtù nìkan ni wọ́n dúró lé. Àwọn mìíràn tún nawọ́ di síkúrù abẹ́rẹ́ mú, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba agbára. Àwọn kan sì wà tí wọn kò lè ṣiṣẹ́ àyàfi tí ẹ bá fi irin pẹlẹbẹ kan bo eyín kẹ̀kẹ́ tó ń fa aṣọ lọ. Irin pẹlẹbẹ yìí ló máa ń sọnù jù, nítorí pé bó bá dá wà, kò jọ nǹkan kan. Mo ń bẹ̀ yín, bí ẹ bá rí irin pẹlẹbẹ tó ní ihò kékeré láàárín fún abẹ́rẹ́, ẹ má fi ṣe ohun tí a fi ń ṣí ìdérí ìgò.

Wàyí o, kí a wá sórí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Rọ́fúlà ni mo fẹ́ràn jù, n ó sì dúró lórí rẹ̀ dáadáa. Òun ló máa ń tóbi jù nínú àpótí, ó rí bí akàn tó ká ẹsẹ̀ jọ. Ó ní apá kan tí ẹnu rẹ̀ là sí méjì, ẹnu yẹn ló ń gbá síkúrù abẹ́rẹ́ mú. Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé apá yẹn, apá náà á sì ti abẹ pẹlẹbẹ kan tó léyín lẹ́nu síwájú. Abẹ yìí ló ń ta aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́ kí abẹ́rẹ́ tó gún un. Abẹ kejì wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò léyín. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ya aṣọ tí à ń kó jọ kúrò lára aṣọ tí à ń rán an mọ́, kí eyín abẹ òkè má baà kó àwọn méjèèjì jọ. Bí ẹ bá fẹ́ ra rọ́fúlà, abẹ méjèèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èyí tí abẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti sọnù lè kó aṣọ jọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní lè rán an mọ́ ìbàdí sákẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni adùn rẹ̀.

Lórí rọ́fúlà Singer tó wọ́pọ̀, ẹ máa rí 1, 6, 12 àti ìràwọ̀. Bí ẹ bá fi í sórí 1, yóò máa kó aṣọ jọ ní gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gún un, ìyẹn ni fíríìlì wẹ́wẹ́. Lórí 6, lẹ́yìn ìgún mẹ́fà-mẹ́fà ni yóò kó o jọ. Lórí 12, lẹ́yìn méjìlá-méjìlá. Àwọn méjì wọ̀nyí ló ń mú pílíìtì jáde. Ìràwọ̀ ní tirẹ̀ ń dá abẹ dúró kí kẹ̀kẹ́ máa rán lọ gbọọrọ láìjẹ́ pé ẹ tú irin kúrò. Síkúrù mìíràn tún wà lára rẹ̀ tó ń sọ bí pílíìtì ṣe máa jinlẹ̀ tó. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí ni pé gígùn ojú ìránṣọ náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀: bí ojú ìránṣọ bá ṣe kúrú tó ni fíríìlì máa ṣe pọ̀ tó.

Ẹ ronú sí aṣọ Iléyá àwọn ọmọbìnrin kékeré, oní-ipele mẹ́ta tó fẹ̀ bí agbòòrùn. Ọ̀nà tí a fi ń ṣe é báyìí ni kí a fi ojú ìránṣọ gígùn rán an lẹ́ẹ̀mejì, kí a máa fi ọwọ́ fa òwú, kí a máa pín in kó lè dọ́gba, kí òwú sì já nígbà tó kù díẹ̀ kí a parí. Rọ́fúlà kì í fa òwú, nítorí náà kò sí èyí tó máa já. Kí ẹ tó gé aṣọ gidi, ẹ gé àkísà irú aṣọ kan náà ní ínǹṣì 20, kí ẹ rán an kọjá. Bó bá di ínǹṣì 10, ẹ ti mọ̀ pé ìlọ́po méjì ìbàdí ni kí ẹ gé. Bó bá di 8, ẹ mọ̀ pé ìlọ́po méjì àbọ̀ ni. Kí ẹ kọ ọ́ sórí àkísà náà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú irin yẹn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ Iléyá bá dé tí iṣẹ́ kún ilẹ̀, ẹ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìṣirò kiri.

Lẹ́yìn rọ́fúlà, irin tó bá ìlú wa mu jù ni fúùtù tó ń ṣẹ́ etí aṣọ tín-ín-rín. Nọ́ńbà ti Singer ọlọ́rùn kúkúrú ni 35857. Iwájú rẹ̀ ká bí ìgbín, aṣọ á wọ inú ibi tó ká yẹn, á ṣẹ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á sì jáde sábẹ́ abẹ́rẹ́ pẹ̀lú etí tí kò fẹ̀ ju nǹkan bí 1/8 ínǹṣì lọ. Ẹ wo iye hìjáàbù tí à ń rán ní Ìlọrin. Àwọn tó ń fi wívìn gba etí rẹ̀, mi ò bá wọn jà, ó yá. Ṣùgbọ́n lórí ṣífọ́ọ̀nù, etí tí wọ́n ká mọ́nú, tí fọ́nrán aṣọ kankan kò yọ síta, kì í tú nígbà fífọ̀, ó sì máa ń wálẹ̀ dáadáa lára ẹni tó wọ̀ ọ́. Ohun tó ń jẹ́ kí àwọn èèyàn sá fún irin yìí ni ìbẹ̀rẹ̀. Kí etí aṣọ tí ẹ gé tọ́, kó má ṣe rí wúruwùru. Kí ẹ fi ọwọ́ ṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ rán an ní ìgún mélòó kan, kí ẹ wá gbé fúùtù sókè, kí ẹ fi òwú ẹ̀yìn dì í mú bí ẹ ṣe ń tì í wọ inú ibi tó ká. Lẹ́yìn náà, ìwọ̀n aṣọ kan náà ni kó máa wọlé. Bó bá pọ̀ jù, á kún un lẹ́nu. Bó bá kéré, etí á ṣí sílẹ̀. Ẹ fún un ní ọ̀sán kan pẹ̀lú àkísà, ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni 35931, tó ń ṣẹ́ etí tó fẹ̀ láti 3/16 ínǹṣì títí dé 15/16. Kọ́tìnì àti aṣọ ibùsùn ni tirẹ̀.

Èyí tó ń fi báyásì gbá etí aṣọ náà wà, ó ní ẹnu gbọọrọ pẹ̀lú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún fún báyásì tí wọ́n ti ṣẹ́ láti ilé iṣẹ́, láti 1/4 ínǹṣì dé ìdajì ínǹṣì. Èyí tí ẹ bá gé fúnra yín láìṣẹ́ ẹ, ẹnu ńlá ló ń gbà wọlé, kó sì fẹ̀ tó 15/16 ínǹṣì. Ẹ lè fi àwọ̀ méjì gbá ọrùn jálábíà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹ bá ki báyásì méjì tí fífẹ̀ wọn yàtọ̀ sínú ihò méjì. Mo ti rí ọ̀gá kan tó rò pé ihò wọ̀nyẹn wà fún ẹ̀ṣọ́ ni.

Fún lésì, ẹ wá 36865. Àwọn ihò tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí wà níwájú rẹ̀, tó ń darí etí aṣọ méjì kí wọ́n pàdé lábẹ́ abẹ́rẹ́ láìfi ara wọn sílẹ̀. Bí ẹ bá mọ iye tí lésì jẹ́ lónìí, ẹ ó mọ̀ pé kò yẹ kí a máa fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Irin tó ń sàmì sí àwọn ìlà ìṣẹ́po lórí àyà aṣọ wà nínú àpótí náà pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ní ọ̀pá gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìlà tí a rán lè jìnnà sí ara wọn bákan náà. N kò ní pẹ́ lórí wọn, ẹ ó rí wọn.

Irin tó ń ṣe ihò bọ́tìnnì ló kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ ní kíkún, torí pé òun ni wọ́n ń jù nù jù lọ, ó wúwo, ó sì fẹjú. Ọ̀pọ̀ jù lọ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kì í mi abẹ́rẹ́ sọ́tùn-ún sósì. Báwo ló ṣe wá ń rán ihò bọ́tìnnì? Aṣọ ni irin yìí ń mì. Ẹ bo eyín kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kí kẹ̀kẹ́ má fa aṣọ mọ́. Irin àsomọ́ á di aṣọ mú, apá rẹ̀ lára síkúrù abẹ́rẹ́ á máa ṣiṣẹ́, á gbé aṣọ sọ́tùn-ún, á gbé e sósì, á sì máa yí i lọ yípo ihò náà títí tó fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Oríṣi méjì ni ẹ máa bá pàdé jù. Ti 121795 jẹ́ dúdú, ẹ fúnra yín lẹ máa fi síkúrù àti ọ̀pá rẹ̀ sọ bí ihò ṣe máa gùn tó àti bó ṣe máa fẹ̀ tó. Ti 160506 ń lo àwòṣe onírin kéékèèké tí ẹ ń ki sí i láti ìsàlẹ̀. Àwòṣe kan, ìwọ̀n ihò kan. Ti ọlọ́rùn gẹ̀rẹ̀ tó jọ ọ́ ni 489500. Ẹ rántí pé àwọn àwòṣe yẹn ni ẹ̀mí 160506. Bí ẹ bá rí i láìsí àwòṣe kankan, ẹ rà á ní owó irin tí kò pé, kí ẹ máa wá àwòṣe rẹ̀ lọ. Mo ti lo èyí lórí kaftan àti ṣẹ́ẹ̀tì, ihò rẹ̀ sì máa ń dọ́gba láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, ohun tí ọwọ́ kì í lè ṣe nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́.

Nọ́ńbà tí mò ń dárúkọ yìí, ara irin ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Ẹ fọ irin, ẹ gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ yí i padà. Bí ẹ bá rí SIMANCO, ilé iṣẹ́ Singer ló ṣe é. Greist ní tirẹ̀ jẹ́ ilé iṣẹ́ kan ní New Haven, ní Amẹ́ríkà, tó ń ṣe irin àsomọ́ fún oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́, nítorí náà orúkọ rẹ̀ nìkan kò sọ kẹ̀kẹ́ tí irin náà máa wọ̀. Ẹ tún wọn ọrùn rẹ̀. Ọjọ́ ìwé ẹ̀tọ́ tún máa ń wà lára wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ṣe irin náà. Ohun tó ń sọ ni pé wọn kò lè ti ṣe é ṣáájú ọjọ́ náà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì máa tẹ ọjọ́ kan náà sára rẹ̀ ní ogún ọdún lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ sún mọ́ ọjọ́ orí rẹ̀, kó wo nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n bá a nínú rẹ̀. Láti 1900 ni Singer ti ń fi lẹ́tà ṣáájú nọ́ńbà. F, J àti Y wà lára lẹ́tà Clydebank.

Ní ti fífọ̀, kẹrosíìnì ni. Ẹ rì wọ́n sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù họ ibi tí epo àtijọ́ ti gan. Ìdí tí rọ́fúlà fi ń le kì í sábà ju epo tó ti gan pọ̀ mọ́ òwú wẹ́wẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ kán epo kẹ̀kẹ́ sí oríkèé rẹ̀. Epo kẹ̀kẹ́ o. Òróró ẹ̀pà àti epo pupa máa ń di gọ́ọ̀mù. Mi ò fara mọ́ kí ẹnikẹ́ni fi sáńpépà fá irin wọ̀nyí: ohun tó ń dán yẹn, fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó, bó bá ti ṣí, ìpẹtà á rí ọ̀nà wọlé. Ẹ má fi rọ́bà dì wọ́n pọ̀, ó máa ń sọ ara wọn di dúdú. Lásìkò òjò, ẹ má gbé àpótí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí síbi tí ògiri ti tutù. Ẹ fi aṣọ tí epo kẹ̀kẹ́ díẹ̀ wà lára rẹ̀ wé ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó tẹ kẹ̀kẹ́, ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí àgbá rẹ̀. Kí abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kó sì gòkè ní ìgbà bíi mélòó kan láìkan irin níbì kankan. Ìyẹn ni ìdánwò tó máa fi hàn yín bóyá ọrùn irin náà bá kẹ̀kẹ́ yín mu.

Ibi tí a ti ń rí wọn ńkọ́? Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ọ̀dọ̀ àwọn oníkóńdẹ́mù kí wọ́n tó kó ẹrù lọ, àti jù gbogbo rẹ̀ lọ, nínú ilé àwọn àgbà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ lọ bá wọn, ẹ jókòó, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín bí wọ́n ṣe ń lò ó. Bí ìyá kan bá sì fẹ́ ta àpótí tirẹ̀, ẹ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un kí ẹ tó dárúkọ owó. Mo le lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kí a ra ohun iyebíye lọ́wọ́ opó ní owó irin àlòkù torí pé kò mọ̀, òwò kọ́ nìyẹn.

Bí ẹ bá rà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ilé tó ti wá, ìlú wo, irú kẹ̀kẹ́ tó bá a gbé, nọ́ńbà ara kẹ̀kẹ́ náà, irú aṣọ tí wọ́n fi ń rán. Àwa ará Kwara, ìdí pọ̀ fún wa láti mọ iyì irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, Èsìẹ́ ló wà, 1945 ni wọ́n ṣí i. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ ju ẹgbẹ̀rin lọ, a rí ojú wọn, a rí irun orí wọn àti ẹ̀gbà ọrùn wọn, kò sì sí ẹni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Irin àsomọ́ kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó lò ó ṣì wà láàyè, àwọn kan nínú wọn jókòó síwájú mi níbí. Pépà kékeré kan nínú àpótí ti tó.

Ike mẹ́rin ni mo dábàá fún ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan fún ọlọ́rùn kúkúrú, ọ̀kan fún gígùn, ọ̀kan fún gẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún èyí tí ẹ kò tíì mọ̀. Inú ike kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ ti wá pín iṣẹ́. Àpótí tó bá pé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ má tú u sínú ike rárá, ẹ jẹ́ kó wà pọ̀ bó ṣe wá. Ike kẹrin yẹn, ẹ ya fọ́tò ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, iwájú àti ẹ̀yìn, kí nọ́ńbà hàn, kí ẹ máa gbé e kiri fún àwọn àgbà àti àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe.

Mo ti gbé Butterfly kan àti industrial kan kalẹ̀, rúlà wà, kẹrosíìnì wà nínú abọ́. Ẹ gbé àpótí yín súnmọ́ iwájú. Ti àwọn ìyá wa la ó kọ́kọ́ ṣí.